Ọjọ́ Tí Fọlákẹ́ Mú Wa Lọ Gbọ́ Irin Pupa

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi, ikú ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lójú, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ lọ. Àwọn àgbà ní ó di ojú àlá ká tó tún rí ara wa, ṣùgbọ́n láti àárọ̀ tí Ìbídùn ọmọ rẹ ti pè mí pé o ti lọ, mi ò sùn tó ẹni tí í lá àlá. Bí mo bá pa ojú dé, ẹ̀rù á bà mí. Bí mo bá tún là á, ẹ̀rù náà ló máa kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀. Ọ̀rẹ́ tó ti lé ní ogójì ọdún kì í ṣe ohun tí èèyàn ń sin lọ́sàn-án kó sì lọ sílé lọ jẹun.

Ẹ̀yin tí ẹ mú ìwé ìsìnkú yìí lọ́wọ́, kí ẹ lè mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀: èmi ni Títílayọ̀, aránṣọ ní Arakale, ní Àkúrẹ́. Oǹdó ni mo ti mọ Fọlákẹ́, nígbà tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Àwa mẹ́ta ni wọ́n kó sí yàrá kan: Fọlákẹ́ ọmọ oníṣòwò kòkó, Mojísọ́lá tó di olùtọ́jú ilé ìkàwé ní Oǹdó títí di òní, àti èmi ọmọ Àkúrẹ́ tó ń pe ilé ní "ulé", tí àwọn ará yàrá kejì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ẹ̀rù fi ń bà mí láti la ẹnu. Ìwọ lo dá wọn lẹ́kun. O ní ẹni tó bá tún fi mí rẹ́rìn-ín, òun ni yóò máa pọn omi fún mi fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà ni mo ti sá sábẹ́ apá rẹ, mi ò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán, tí gbogbo ẹbí mi ń bínú, ìwọ lo kọ́kọ́ gbé aṣọ wá fún mi pé kí n rán. Mo bà á jẹ́. O wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀.

Obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ ga ju ara rẹ̀ lọ. Olùkọ́ ìṣirò tí ìró bàtà rẹ̀ nìkan ń mú kí kíláàsì dákẹ́. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń fi yangàn, ìyá tí kì í na ọmọ láìkọ́kọ́ ṣàlàyé ohun tó ṣe fún un, díákónì tí kì í pẹ́ dé ìpàdé. O kọ́ ọmọ, o sì tún kọ́ ọmọ tí àwọn ọmọ náà bí. O máa ń sọ fún wọn pé kí wọ́n má sá fún ìṣirò tó le, kí wọ́n kọ ìlà àkọ́kọ́ ná, nítorí ẹni tó bá ti kọ ìlà kan ti borí ìdajì iṣẹ́. Bọ̀ọ̀lì tó jóná díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ni oúnjẹ rẹ. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, o kì í sọ. O kàn máa bọ́ bàtà sílẹ̀ ni, o máa tẹ ẹsẹ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì tútù, o máa ní kí ẹnikẹ́ni má bá ọ sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kò mọ̀ nípa rẹ, tí ọkọ rẹ sì ní kí n má fi pamọ́. O fẹ́ràn orin rọ́ọ̀kì. Kì í ṣe èyí tó rọ̀ níbẹ̀ o, èyí tó le jù lọ ni, tí wọ́n ń pè ní héfì mẹ́tà. Ẹ̀gbọ́n rẹ ọkùnrin, Akínbọ̀dé tó ti di olóògbé, ló kọ́ ọ, nínú ilé ìkẹ́rù kòkó bàbá yín, níbi tó ti máa ń gbé ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì lé orí àpò kòkó. Ọ̀dọ́mọkùnrin Oǹdó márùn-ún ló dá ẹgbẹ́ olórin tí o fẹ́ràn jù sílẹ̀ láyé ìgbà náà, wọ́n sì pè é ní Irin Pupa. Gìtá wọn ń ké bí ìgbà tí wọ́n ń wọ́ páànù lórí òkúta. Ìlù wọn ń sáré bí ẹni tí ẹkùn ń lé. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ nípa ogun, nípa ikú, nípa iná tó jó oko kòkó kan láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́.

Ẹ̀rù orin náà ń bà mí. Bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ nínú yàrá wa, èmi á jáde lọ jókòó síta. Ìwọ á máa lọ aṣọ akọrin rẹ, orí rẹ á máa mì sókè sódò, ojú rẹ á sì balẹ̀ bí ojú ẹni tó ń gbàdúrà. Mo bi ọ́ nígbà kan pé kí lo rí nínú ariwo yẹn. O ní orin yẹn nìkan ló máa ń bá ọ pariwo nígbà tí ìwọ fúnra rẹ kò bá lè pariwo.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò ọdún yìí, o pè mí lórí fóònù láti Oǹdó. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà lẹ́nu rẹ. Èkíní ni pé àwọn dókítà ti rí ohun tó ń mú kí o máa mí hẹlẹhẹlẹ bí o bá gun àtẹ̀gùn. Ilẹ̀kùn kékeré kan nínú ọkàn rẹ, èyí tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá, kò pa dé dáadáa mọ́. Wọ́n máa la àyà rẹ, wọ́n sì máa tún un ṣe. Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n mú. Kó tó di ọjọ́ náà, o kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ agbára, o kò gbọdọ̀ wọ àárín èrò, o kò gbọdọ̀ bínú, o kò gbọdọ̀ yọ̀ jù. Mo jókòó lé aṣọ oníbàárà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀.

Èkejì ni pé Irin Pupa ń bọ̀ wá ṣeré ní Àkúrẹ́ ní ọ̀sán Sátidé, ọjọ́ márùn-ún péré ṣáájú Ọjọ́bọ̀ yẹn. Mẹ́ta ló kù nínú àwọn márùn-ún. Wọ́n ti darúgbó, wọ́n sì ti kéde pé èyí ni àwọn máa ṣe kẹ́yìn. Ní gbogbo ọdún tí o fi fẹ́ràn wọn, o kò fojú rí wọn rí. Bàbá yín kò gbà nígbà tí o wà lọ́mọdé, iṣẹ́ àti ọmọ títọ́ kò sì fún ọ láyè lẹ́yìn náà. O ní àwa mẹ́ta la máa lọ, ìwọ, Mojí àti èmi. O ti gba tíkẹ́ẹ̀tì sílẹ̀.

Mo kọ̀. Mo ní mi ò lè fi ọwọ́ ara mi mú ọ lọ síbi tí wọ́n ti máa pa ọ́. Mo bẹ̀ ọ́, mo fi orúkọ Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, mo sì halẹ̀ pé màá sọ fún Bàbá Ìbídùn. O jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán, bí o ṣe máa ń ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣàwáwí. Lẹ́yìn náà lo wá sọ ọ̀rọ̀ kan.

"Títí, wọ́n fẹ́ la àyà mi. Bí mo bá jí, màá tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo yín. Bí mi ò bá jí, mo ti rí wọn ná."

Báyìí ni mo ṣe di òpùrọ́. O sọ fún ọkọ rẹ pé o ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi kí n lè rán aṣọ tí o máa wọ̀ ní ilé ìwòsàn. Òtítọ́ ni, mo rán an. Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ Sátidé yẹn, Bàbá Ìbídùn pè mí. Ohùn wọn tutù. Wọ́n bi mí bóyá o ń sinmi dáadáa. Mo wò ọ́ níbi tí o jókòó sí níwájú dígí mi, tí o ń so aṣọ dúdú mọ́rí, tí o sì ń rẹ́rìn-ín sí ara rẹ. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé o ń sinmi. Mo pa fóònù náà kí wọ́n tó lè dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Gbọ̀ngàn náà wà lẹ́yìn ìlú, lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀. Mojí ti wọ bọ́ọ̀sì wá láti Oǹdó, ó sì ń dúró dè wá lẹ́nu géètì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kún ibẹ̀ nínú ṣẹ́ẹ̀tì dúdú tí wọ́n ya agbárí sí láyà. Àwọn kan kun ojú, àwọn kan fi ṣéènì sọ́rùn. Àwọn bàbá arúgbó náà wà láàrin wọn, tí wọ́n wọ dàńṣíkí, tí wọ́n sì fi ọ̀pá rìn. Èmi wọ ìró àti bùbá, mo gbé báàgì ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ àyà, mo sì ń wò kiri bóyá ẹni tó mọ̀ mí máa rí mi. Nígbà tí a wọlé, ohun tí mo kọ́kọ́ rí ni pé ilẹ̀kùn méjì ló wà nínú gbogbo ilé náà. Ọ̀kan ṣí. Èkejì, tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, wọ́n fi àgádágodo tì í. Fèrèsé kò sí nísàlẹ̀. Mo fi han Mojí. Ó ní kí n má fi ojora mi ba ọjọ́ ọlọ́jọ́ jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n jáde. Bàbá olórin ń fi ọ̀pá tilẹ̀ bọ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì bá wọn gbé àga oníke síwájú kí wọ́n jókòó. Bàbá onílù hu irùngbọ̀n funfun. Bàbá onígìtá fi okùn so dígí ojú wọn mọ́ ẹ̀yìn orí kó má baà bọ́. Mo rò nínú ara mi pé àwọn wọ̀nyí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ìgbà náà ni gìtá ké.

Fọlákẹ́, kì í ṣe etí ni mo fi gbọ́ ọ, egungun àyà ni. Ilẹ̀ gbọ̀n. Gbogbo ìgbà tí ìlù ńlá yẹn bá dún, ilẹ̀kùn kékeré inú ọkàn rẹ ni mo ń rò, mo sì ń rí i tó ń gbá, tó ń gbá, bí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ fẹ́ já kúrò lára ògiri. Mo di ọrùn ọwọ́ rẹ mú, mo ń wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń lù, bẹ́ẹ̀ mi ò mọ ohun tí mo ń wá. O rò pé mo fẹ́ kí a jọ jó. O gbé ọwọ́ méjèèjì sókè pẹ̀lú tèmi nínú rẹ̀. O mọ gbogbo ọ̀rọ̀ orin náà, kò sí ẹyọ kan tí o ṣì. Nínú orin kẹta, bàbá olórin dìde kúrò lórí àga wọn, wọ́n sọ ọ̀pá nù, wọ́n sì han gooro bí ẹni tí wọ́n ń bí lọ́wọ́. Gbogbo ilé hó. Omijé ń dà lójú rẹ, o ń rẹ́rìn-ín, ọmọ ọdún méjìdínlógún ni mo rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Dókítà ti ní o kò gbọdọ̀ yọ̀ jù. Ayọ̀ rẹ bà mí lẹ́rù ju ariwo náà lọ.

Inú orin karùn-ún la wà nígbà tí nǹkan bú lẹ́yìn bí ìbọn. Ọ̀kan nínú àwọn sípíkà ńlá ló gbiná. Iná mànàmáná lọ lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ilé ṣókùnkùn birimù, èéfín dúdú tó ń rùn bí rọ́bà sì bo ojú wa. Ẹnìkan kígbe iná. Gbogbo èrò yí padà, wọ́n sì rọ́ lọ sí ẹnu ilẹ̀kùn kan ṣoṣo yẹn.

Ẹni tí kò bá sí níbẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n. Èrò gbé mi nílẹ̀, ẹsẹ̀ mi kò kan sìmẹ́ǹtì mọ́. Ìgúnpá ẹnìkan wà lọ́rùn mi, n kò lè mí, n kò sì lè ké. Mojí ti já mọ́ mi lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, lábẹ́ ẹsẹ̀ àwa èèyàn, ọmọbìnrin kan ń ké pe ìyá rẹ̀. Mo mọ̀ pé a máa kú síbẹ̀. Ohun tó sì ń bà mí lẹ́rù jù, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ni pé Bàbá Ìbídùn máa mọ̀ pé mo purọ́.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn rẹ.

"Ẹ dúró níbi tí ẹ wà."

O kò kígbe. Bí o ṣe ń pè é ní kíláàsì lo ṣe pè é, ó wá láti òkè orí wa, ó sì gé ariwo náà sí méjì. Àwọn kan tan iná fóònù wọn sí ọ. O ti gun orí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, o fi ọwọ́ kan di ọ̀pá ara ògiri mú, o fi èkejì tẹ àyà rẹ.

"Ẹ jókòó sílẹ̀, gbogbo yín. Ẹni tó bá dúró ló ń pa ẹni tó wà nísàlẹ̀."

Ọkùnrin kan tó wà nítòsí mi, ọ̀kan nínú àwọn tí o ti kọ́ rí, sọ pé, "Màámi Ìṣirò nìyẹn," ó sì jókòó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, bí ọmọ kíláàsì kìíní. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jókòó. Lórí pèpéle, nínú òkùnkùn, bàbá onílù bẹ̀rẹ̀ sí í lu ìlù ńlá wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ìgbà tí ọkàn ń lù lójú oorun. Ìwọ ń ka ìlà. O ní kí ìlà tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà dìde, kí wọ́n jáde, kí àwọn yòókù dúró. Ìlà kejì. Ìlà kẹta. Bàbá onígìtá àti àwọn ọ̀dọ́ méjì gbé irin tí wọ́n fi ń gbé máìkì dúró, wọ́n sì fi fọ́ àgádágodo ilẹ̀kùn kejì. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ya wọlé. Mi ò mọ̀ pé ojúmọ́ ṣì wà níta.

Kò sẹ́ni tó kú lọ́jọ́ náà. Ọmọbìnrin tó wà nísàlẹ̀ yẹn ṣẹ́ lápá, ara àwọn mìíràn bó, ṣùgbọ́n kálukú bá ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn ẹlòmíràn lọ sílé. Fọlákẹ́, mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó wá síbí lónìí mọ̀ pé ìwọ lo fà á. Àwọn òbí wà ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó tí ọmọ wọn jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà nítorí rẹ, tí wọn kò sì mọ orúkọ rẹ.

Ìwọ àti bàbá onílù lẹ jáde kẹ́yìn. Wọ́n di ọwọ́ rẹ mú, wọ́n sì fi ọ́ jókòó lórí búlọ́ọ̀kù kan lábẹ́ igi. Ètè rẹ ti dà bí eérú. Ojú rẹ ń wá mi kiri. Mo kúnlẹ̀ síwájú rẹ, Mojí tó ti jáde ṣáájú wa ń fi ìborùn rẹ̀ fẹ́ ọ.

"Ẹ̀rù ń bà mí, Títí," lo wí. "Ẹ pe Bàbá Ìbídùn."

Ní gbogbo ọjọ́ ayé wa, n kò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ rí. Èmi ni mo máa ń sọ ọ́, ìwọ lo máa ń dáhùn.

Mo pè wọ́n. Mo sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ẹyọ kan pamọ́: gbọ̀ngàn náà, iná náà, irọ́ tí mo pa fún wọn láàárọ̀. Wọ́n kàn ní àwọn ń bọ̀. A fi ọkọ̀ ẹlòmíràn gbé ọ lọ sí ilé ìwòsàn kan nínú Àkúrẹ́, wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń fúnni ní afẹ́fẹ́ sí ọ nímú, ètè rẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Bàbá Ìbídùn dé láti Oǹdó, wọn kò wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wa. Wọ́n lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì rẹ, wọ́n di ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì mú, wọ́n sì dúró bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé ọ lọ sílé lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní, "Ẹ ṣé tí ẹ pè mí." Wọn kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń gbọ́ ohun tí wọn kò sọ.

Àwọn dókítà yẹ̀ ọ́ wò, wọ́n ní ọkàn rẹ kò burú ju bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ lọ, pé Ọjọ́bọ̀ kò yẹ̀. Mo wá ọ wá sí ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n ti máa la àyà rẹ ní ọ̀sán Ọjọ́rú. Aṣọ tí mo rán ló wà lọ́rùn rẹ. O ní kí gbogbo àwọn tó jókòó tì ọ́ bọ́ síta díẹ̀. Mo rò pé o fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ìsìnkú. Ọ̀rọ̀ mi lo fẹ́ sọ. Ní àsìkò Kérésì ni mo ti sọ fún ọ nípa kókó kan tí mo fọwọ́ kàn ní ọmú mi òsì. Láti ìgbà náà lo ti ń ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò, tí èmi ń ní mo máa lọ, tí mi ò sì lọ, nítorí ẹ̀rù ohun tí wọ́n máa sọ fún mi.

Mo ní kí o jẹ́ kí ẹ̀rù náà kúrò lára mi ná.

O ní, "Ẹ̀rù wà lára mi nígbà tí mo gun àga yẹn. Ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n. Mi ò dúró kó kúrò kí n tó gùn ún."

O mú mi búra. Mo búra kí n lè kúrò lójú rẹ.

Iṣẹ́ abẹ náà yọrí sí rere. O jí. O bèèrè ẹ̀kọ gbígbóná, o sì ní nọ́ọ̀sì kan ka iye oògùn rẹ ṣì, òótọ́ ni, ó ṣì í. A rẹ́rìn-ín. Ó ku ọ̀la kí wọ́n dá ọ sílẹ̀ lọ sílé nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dídì kan já nínú ara rẹ lówùúrọ̀, ó sì lọ dí ẹ̀dọ̀fóró rẹ. Wọ́n ní kò gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bí ẹyẹ ṣe ń fò kúrò lórí ẹ̀ka lo ṣe lọ, ìwọ tí kì í kúrò níbikíbi láìdágbére.

Mo lọ bá ọkọ rẹ ní Oǹdó lọ́jọ́ kejì. Mo dọ̀bálẹ̀, èmi obìnrin, nítorí ìkúnlẹ̀ kò tó. Mo ní èmi ni mo pa ọ́. Wọ́n gbé mi dìde. Wọ́n ní àwọn ti bi dókítà léèrè ìbéèrè yẹn kí n tó dé, dókítà sì ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé irú ẹ̀jẹ̀ dídì bẹ́ẹ̀ lè ti ara iṣẹ́ abẹ wá. Wọ́n jókòó tì mí, wọ́n sì ní, "Ìyàwó mi kì í ṣe ẹran tí èèyàn ń so mọ́lẹ̀. Ó sọ fún mi nílé ìwòsàn pé ọ̀sán yẹn dùn mọ́ òun. Inú ló bí mi pé kò mú èmi náà dání." Ìbídùn sì bẹ̀ mí pé kí n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé yìí bó ṣe ṣẹlẹ̀, kí àwọn ọmọ tirẹ̀ lè kà á lọ́jọ́ iwájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Àwọn èèyàn á ní ọ̀rọ̀ ìdágbére kì í ṣe ibi tí à ń sọ ìbẹ̀rù. Ṣùgbọ́n mi ò ní irọ́ mọ́ lẹ́nu. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti bò ọ́, Mojí máa wá láti Oǹdó, àwa méjèèjì á sì jọ lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ọmú. Mo ti fi orúkọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ rere fún mi, ìwọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pè. Bí wọ́n bá sọ ọ̀rọ̀ burúkú, ìwọ náà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pè. Nọ́ńbà rẹ ṣì wà lókè pátápátá nínú fóònù mi, mi ò sì lè pa á rẹ́.

Máa lọ, ọmọ oníkòkó, aya àtàtà, ìyá Ìbídùn, olùkọ́ àwọn olùkọ́. Ọkàn rẹ ti ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ, ó tó kó sinmi. Sùn re, Fọlákẹ́. Sùn re o, ọ̀rẹ́ mi. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń lọ.

Títílayọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ